Iye tí ẹ máa fi rà á padà ni kẹ́ ẹ máa wò

Tanke ni mo ti ń tajà, ní Ìlọrin níbí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Yunifásítì. Ṣúgà, mílíìkì, Indomie, ọṣẹ, ìpara, gbogbo ohun tí ọmọ ilé-ìwé àti ìyá ọlọ́mọ máa ń fi owó kékeré rà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ti ṣí lójú mi tó sì ti kógbá wọlé, kì í sì í ṣe pé wọn ò rí ọjà tà. Wọ́n ń tà, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń tà jù mí lọ. Ohun tó dé bá wọn ni pé owó tí wọ́n fi ń kó ọjà ń dín kù, wọn ò sì mọ̀, torí pé owó ṣì ń wọlé lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi páálí Indomie kan ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ rà á ní ₦8,000. Ogójì ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ₦200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ń tà á ní ₦230. Nígbà tó bá tán, ₦9,200 ti dé ọwọ́ yín, ẹ ó sì ní ẹ ti jèrè ₦1,200. Ẹ wá dé Ọjà Ọba láti ra òmíràn, wọ́n ní páálí kan ti di ₦9,400. Gbogbo owó tẹ́ ẹ pa lórí páálí yẹn ò ra páálí kan mọ́! Tẹ́ ẹ bá sì ti fi ₦1,200 ra ẹran sọ́bẹ̀, ẹ máa wá ₦1,400 níbòmíràn kí ibi tí Indomie wà lórí pẹpẹ tó lè kún bíi ti àná.

Nítorí náà, iye tí ẹ rà á kọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi bu iye lé e. Iye tí ẹ máa fi rà á padà ni. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn, mo máa ń pe ìyá tí mo ti ń kó ọjà, mo máa bi í léèrè iye tí àwọn ọjà tó ń yá jù lọ jẹ́: ṣúgà, mílíìkì, Indomie, òróró, ọṣẹ. Èyí tó bá ti gbówó lórí, mo máa yí owó rẹ̀ padà lọ́jọ́ yẹn, àti tuntun àti èyí tó ti wà lórí pẹpẹ. Àwọn kan á ní ìyẹn ò dáa, pé kí n ta ọjà àtijọ́ ní owó àtijọ́. Èmi ò gbà. Kíkó ọjà pamọ́ títí yóò fi wọ́n, àwọn alúfàá wa ti kọ̀ ọ́ fún wa, mi ò sì ní ṣe é. Ṣùgbọ́n ọjà tí mo tẹ́ síta fún gbogbo ayé, mo gbọ́dọ̀ lè rà á padà. Bí owó rẹ̀ bá sì wálẹ̀, mo máa ń já a wálẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí mo tiẹ̀ ti rà á lọ́wọ̀n-ọ́n. Èyí ló jẹ́ kí àwọn oníbàárà gbà mí gbọ́.

Ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn o. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Kárùn-ún 2023, owó kẹ̀kẹ́ láti Ọjà Ọba dé Tanke ti di nǹkan tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Bí ẹ bá kó páálí mẹ́wàá tí kẹ̀kẹ́ sì gba ₦2,000, ₦200 ti lé lórí páálí kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ọ̀rá tẹ́ ẹ fi ń di ọjà ńkọ́? Ẹ̀nì tẹ́ ẹ ń fún ọmọ ńkọ́? Mi ò ní kẹ́ ẹ má fún wọn, ẹ ṣáà mọ̀ pé owó ni.

Ẹ tún wo ohun tí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦180,000 lọ́dún: ₦15,000 lóṣù, ₦500 lójúmọ́. Ẹ fi owó iná àti owó ọmọ tó ń bá yín tajà kún un, ká ní gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦2,000 lójúmọ́. Bí ẹ bá ń jèrè ₦100 lórí ohun tẹ́ ẹ tà ní ₦1,100, ẹ gbọ́dọ̀ ta ₦22,000 kí ṣọ́ọ̀bù tó bọ́ ara rẹ̀. Tiyín ò tíì sí níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí lálẹ́ òní pẹ̀lú owó tiyín, torí mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn ò tíì ṣe é rí.

Tiyín wá ńkọ́? Ẹ máa san owó iṣẹ́ fún ara yín. Ẹ dá iye kan, kí ẹ máa mú un lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti ọmọọṣẹ́. Owó tí a ń ṣí dúrọ́ọ̀ mú, ₦500 fún ọkọ̀ ọmọ, ₦1,000 fún ata, òun ni kì í hàn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ẹ bá mú bísíkíìtì lórí pẹpẹ fún ọmọ yín, ẹ san owó rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwìn le, pàápàá níbi tí gbogbo wa ti mọra. Mo máa ń fúnni láwìn, àmọ́ mo ní òdiwọ̀n: gbogbo àwìn tó wà níta ò gbọ́dọ̀ ju èrè ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bó bá ti pé bẹ́ẹ̀, ó parí, àyàfi tí ẹnì kan bá san. Orúkọ, ohun tó rà, iye, ọjọ́ tó máa san, mo máa ń kọ ọ́ lójú rẹ̀. Tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba, ìparí oṣù ni mo máa ń kọ fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́, mi ò fún un ní nǹkan kan láwìn mọ́ bí ìdánwò bá ti bẹ̀rẹ̀, torí bó bá ti palẹ̀ mọ́ lọ sílé, ó di ìgbà tó bá tún wọlé kí n tó rí owó mi. Bó bá sì jẹ́ àgbàlagbà ló dúró níwájú mi, mo máa kúnlẹ̀, màá ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú, owó ọjà yìí ni mo fẹ́ fi kó ọjà lọ́la." Wọ́n máa ń gbọ́, torí wọ́n rí i pé kì í ṣe ìwọ̀sí.

Láti ìgbà tí owó bébà ti wọ́n lọ́wọ́ aráàlú níbẹ̀rẹ̀ 2023, tiransífáà ló pọ̀ jù lọ nínú ohun tí mò ń gbà. Ẹ ní àkáǹtì kan tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù nìkan. Kí fóònù tí alẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń wọlé sí máa wà ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Ohun tí oníbàárà fi hàn yín lórí fóònù tirẹ̀ kì í ṣe owó. Ẹ wo àkáǹtì yín kí ọjà tó jáde.

Aládùúgbò tó ń tà dínwó jù yín lọ, ẹ má sáré tẹ̀ lé e lórí gbogbo nǹkan. Àwọn ọjà kan wà tí gbogbo èèyàn mọ iye wọn, bíi ṣúgà, Indomie, omi inú ọ̀rá. Lórí ìwọ̀nyẹn, ẹ bá a dọ́gba. Okùn bàtà, abẹ́rẹ́, bátìrì, kànìnkànìn ìwẹ̀, ìwọ̀nyẹn ni kí èrè yín ti wá.

Ọjà tuntun máa ń lọ sẹ́yìn, ti àtijọ́ máa ń wá síwájú. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ku oṣù mẹ́ta, mo máa ń tà á ní iye tí mo rà á. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, ilẹ̀ ni mò ń dà á sí.

Ìgbà ní í sọ iye tí a máa kó. Bí Yunifásítì bá wà ní ìsinmi, mi ò kó ju ìdajì lọ. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá tètè dé lọ́dọọdún: ti 2024 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, ti 2025 ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ èṣí ṣe òdiwọ̀n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ṣúgà, mílíìkì, kọ́sítáádì àti dàbínù díẹ̀díẹ̀ láti oṣù tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì wo bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wà nílé-ìwé nígbà náà. Bí wọn ò bá ní sí, ti àwọn ìyá àdúgbò nìkan ni kẹ́ ẹ kó, kí páálí mílíìkì má bàa wà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìtúnu.