Kí bẹntiróòlù má baà ba ike dídán ara ọ̀kadà yín jẹ́

Ẹ wo ojú sípídómítà àwọn ọ̀kadà tó ń dúró de èrò ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tó ṣì mọ́ kedere kò pọ̀. Òmíràn ti ṣe bàìbàì, òmíràn ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn, tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ sùkúrù. Àwọn ọlọ́kadà á ní oòrùn ló fà á. Òótọ́ ni pé oòrùn ń ba ike jẹ́, àmọ́ ìlà tó bá ti ẹsẹ̀ sùkúrù bẹ̀rẹ̀, ẹ fura sí bẹntiróòlù àti sùkúrù tó fún jù.

Ike yàtọ̀ síra. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà Ìlọrin lè gbé bẹntiróòlù fún ọdún púpọ̀, torí irú ike tí wọ́n ń pè ní polyethylene ni. Irú ike míì, polycarbonate tàbí acrylic, ni wọ́n fi ń ṣe ike dídán, ìyẹn ojú sípídómítà, ọ̀pọ̀ iná iwájú àti gíláàsì hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Òkúta lè ta lu polycarbonate kó má fọ́, ṣùgbọ́n kẹ́míkà tó ń jẹ́ toluene àtàwọn ẹbí rẹ̀ tó wà nínú bẹntiróòlù máa ń wọ inú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fún ike náà mọ́lẹ̀ tàbí tẹ̀ ẹ́ tipátipá ló ti máa là. Ó lè má là lójú ẹsẹ̀, ẹ kàn lè jí bá a.

Nítorí náà, ara sùkúrù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí sùkúrù bá ti gba inú ike kọjá, kí ihò fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀: sùkúrù mìlímítà 5, ihò 6.5. Ẹ fi wáṣà rọ́bà sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ yí i títí wáṣà á fi fara kan ike, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan kún un, ó tán. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù tí mẹkáníìkì fi ń di bóòtù àti nọ́ọ̀tù kó má baà tú (threadlocker) sí i, torí òun náà máa ń la polycarbonate. Èéfín super glue sì máa ń sọ ike dídán di funfun.

Bí ẹ bá fẹ́ ra epo, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ méjì, torí lórí ẹlẹ́sẹ̀ kan táǹkì á dagun, epo á sì tètè ṣàn síta. Ẹ la náílọ́ǹ ńlá tí wọ́n fi ń di àpò pure water, kẹ́ ẹ fi bo sípídómítà àti iná iwájú. Polyethylene lòun náà, kò sì náni lówó. Ẹ lo àrọ tí ọrùn rẹ̀ wọ inú táǹkì dáadáa.

Ẹ má kún táǹkì dé ẹnu. Epo lítà 10 tó wà ní ìwọ̀n ooru 25°C láàárọ̀, tí oòrùn ọ̀sán bá sọ ọ́ di 45, á fi nǹkan bíi lítà 0.2 wú sí i. Ihò afẹ́fẹ́ ìdérí ló máa gbà jáde, á ṣàn sára ike ẹ̀gbẹ́. Rọ́bà ìdérí tó bá ti gbó, ẹ má gé tíúbù dípò rẹ̀, torí tíúbù máa ń wú, á sì rọ̀ nínú bẹntiróòlù. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún epo ni kẹ́ ẹ béèrè.

Àkísà mẹkáníìkì tún léwu ju epo tó dà sílẹ̀ lọ. Ó ti fi nu kábúrétọ̀, ó sì máa fi nu gbogbo ọ̀kadà. Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé kó má fi àkísà yẹn kan ike. Láti fi nu ike, ọṣẹ ìfọbọ́ olómi ṣíbí tíì kan nínú omi lítà kan ti tó.

Bí epo bá ti dà sí ike, ẹ má ṣe gbá a nù ní gbígbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí eruku á họ ọ́. Ẹ lé iná àti sìgá jìnnà. Ẹ da omi púpọ̀ lé e, lẹ́yìn náà omi ọṣẹ, kẹ́ ẹ fi aṣọ òwú rírọ̀ nù ún. Ẹ tú sùkúrù tó wà níbẹ̀, ẹ fọ inú ihò rẹ̀. Epo tó há sábẹ́ wáṣà kì í tètè gbẹ.

Èyí tó ti ṣe bàìbàì ṣeé dán: ẹ fi omi àti sáńpépà 1000 fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà 2000, kẹ́ ẹ wá fi póláàsì parí rẹ̀. Ìlà kò ṣeé dán. Ẹ lè fi dìrílì mìlímítà 2 lu ihò sí ìparí rẹ̀ kó má baà gùn sí i títí ẹ ó fi ra tuntun. Ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bẹntiróòlù máa ń yọ́ fóòmù funfun inú rẹ̀, ẹ ò sì ní rí i láti ìta. Èyí tí epo bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.