Ọ̀nà omi ni kí ẹ kọ́kọ́ là: bí mo ṣe kan àpótí àti kúláǹtì fún ẹ̀rọ CNC mi

Ẹ̀rọ CNC (èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí) tí mo fi ń gbẹ́ irin kò tóbi. Tábìlì rẹ̀ gùn ní 400 mm. Ó ń rìn 300 mm láti ọ̀tún dé òsì, ó sì ń rìn 150 mm síwájú-sẹ́yìn. Alumíníọ́mù ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń gbẹ́ lórí rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kun kọ́tà (ọ̀bẹ tó ń yí, tó ń gé irin) lọ́ìlì, mo sì ń fi họ́ọ̀sì atẹ́gùn fẹ́ èérún irin dànù. Èérún gba gbogbo yàrá.

Ọjọ́ tí mo pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́, kòtò kan tó jìn ní 20 mm ni mò ń gbẹ́. Èérún kún inú rẹ̀, kọ́tà ń tún èyí tó ti gé tẹ́lẹ̀ gé, ooru mú un, alumíníọ́mù sì yọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gbọ́ tí ohùn ẹ̀rọ yí padà. Kí n tó nawọ́ sí bọ́tìnì, kọ́tà ti kán. Mo gbé ìdajì tó kù wò lábẹ́ iná: gbogbo ojú ọ̀nà tó yẹ kí èérún máa gbà jáde ni irin ti dí pa, àfi bíi pé ẹnì kan da òjé sí i.

Ohun tó yé mi lọ́jọ́ náà ni pé lórí ẹ̀rọ kékeré tó ń gbẹ́ alumíníọ́mù, kí nǹkan tutù kọ́ ni olórí iṣẹ́ kúláǹtì, ìyẹn omi tí a pò mọ́ ọ́ìlì tó ń ṣàn sójú ibi tí kọ́tà ti ń gé. Kó gbá èérún kúrò níwájú kọ́tà ni. Tí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ọ̀pọ̀ ìpinnu tó kù yóò rọrùn. Tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ kéékèèké lẹ ń ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, atẹ́gùn tó ń fẹ́ pẹ̀lú ọ́ìlì tó ń kán díẹ̀díẹ̀ lè tó yín, ẹ má wulẹ̀ da omi sínú ilé. Ẹni tó ń gbẹ́ nǹkan fún wákàtí méjì lórí ìjókòó kan ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àpótí àkọ́kọ́ tí mo kàn yí ẹ̀rọ ká kí kúláǹtì má baà tú síta, ògiri ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó dùn ún wò. Ó sì jò ní gbogbo igun rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo tú u, mo tún un ṣe láti ìsàlẹ̀ wá sókè: táǹkì, ihò tí omi ń gbà jáde, tíréè, lẹ́yìn náà ni ògiri tó kàn. Ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ààyè tí tábìlì yóò gbà tó bá rìn dé òpin méjèèjì. Tèmi, 400 mm ni tábìlì, mọ́tò X (èyí tó ń ti tábìlì sọ́tùn-ún sósì) tó so mọ́ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó gbé e dúró jẹ́ 110 mm, ìrìn rẹ̀ jẹ́ 300 mm. Ìyẹn di 810. Mo fi 60 kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ lè ráyè wọlé láti nu ún, inú àpótí wá di 930 mm. Ẹ má gbàgbé ọwọ́ fáìsì (ohun tó ń di irin tí a ń gbẹ́ mú) tó máa ń yọ síta níwájú. Èmi gbàgbé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó sì ń gbá ilẹ̀kùn.

Irin tí kì í dípẹtà, tó nípọn ní 1.2 mm, ni mo fi ṣe tíréè. Etí rẹ̀ ga ní 80 mm, ẹni tó ń jó irin sì jó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Irin tí wọ́n fi síǹkì bò lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá máa jó o kọ́kọ́ ha síǹkì náà kúrò lójú ibi tó máa jó, torí èéfín rẹ̀ máa ń fa àìsàn tó dà bí ibà. Pákó ò dára níbí rárá. Ìyówù tí ẹ kùn ún, kúláǹtì á rí ojú ibi tí sukúrù gbà wọlé, pákó á sì wú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tíréè ti ń jò ni ihò bóòtù tí wọ́n fi de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Mi ò lu ihò kankan. Mo ní kí wọ́n jó ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, tó ga ní 40 mm, mọ́ inú tíréè yíká-yíká, a sì la ojú ihò bóòtù sí orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láì jẹ́ kó já sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ jókòó lórí ẹsẹ̀ wọ̀nyí, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rin kì í ga dọ́gba-dọ́gba lẹ́yìn iná. Tí ẹ bá fún bóòtù pa láì wò ó, ìdí ẹ̀rọ á lọ́, ìgúnrégé rẹ̀ á sì dàrú. Ẹ fi bébà irin tín-ín-rín dí àlàfo orí ẹsẹ̀ tó kúrú kí ẹ tó fún un, kí ẹ sì tún wọn ìdúró spindle (ọ̀pá tó ń yí kọ́tà) sí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí tíréè fì. Tèmi fi 10 mm lọ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn lápá òsì. Páìpù 40 mm ló gba omi níbẹ̀ lọ sí táǹkì. Pọ́ǹpù mi ń gbé lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, ẹnì kan lè ní páìpù tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè gbà á. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ omi nìkan ló ń lọ. Èérún ló ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Torí rẹ̀ ni mi ò ṣe fi asẹ́ sójú ihò gan-an, níbi tí ẹ̀kúnwọ́ èérún kan ti lè dí i pa. Mo gbé asẹ́ tó gbòòrò tó ìdajì tíréè sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ jẹ́ 2 mm. Èérún dúró lórí rẹ̀, omi sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́. Mo máa ń gbé asẹ́ náà jáde lódindi, mo sì gbọn ọ́n.

Kí ẹ̀rọ tó wọlé, ẹ da lítà omi mẹ́wàá sínú tíréè lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ sì dúró wò ó. Ẹ tẹ́ bébà gbígbẹ sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti jó. Bébà tó bá tutù yóò tọ́ka ibi tó ń jò, kò sí iyèméjì ńbẹ̀.

Ó wá kan ògiri. Ẹ wo bí páànù òrùlé ṣe ń gun ara wọn: ti òkè ló máa ń wà lórí ti ìsàlẹ̀, kí òjò má baà rí ojú wọlé. Nínú àpótí, inú ni òjò ti ń rọ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ ògiri gbọ́dọ̀ wà nínú etí tíréè, kó má wà níta rẹ̀. Tí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kò ní sí ibi tí sílíkónì nìkan ń dá omi dúró. Wọ́n ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, àmọ́ kúláǹtì máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ nǹkan, yóò rọra yọ́ lọ sẹ́yìn títí yóò fi rí ibi tó máa kán sí. Mo tẹ etí gbogbo irin ògiri wálẹ̀ ní 10 mm kó lè já síbẹ̀. Ìtẹ̀ kékeré yẹn ṣe ju gbogbo sílíkónì tí mo ti fi ṣòfò lọ.

Fún fèrèsé, polycarbonate (ike tó mọ́ gaara tí kì í tètè fọ́) tó nípọn ní 6 mm ni kí ẹ lò. Acrylic, ike mìíràn tó jọ ọ́, máa ń fọ́ bíi gíláàsì. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí mo parí, kọ́tà kan kán, èkúfọ́ rẹ̀ sì fò bá fèrèsé ní ìdojúkọ àyà mi. Ó dá ojú kan síbẹ̀ tó rí bí èékánná ìka kékeré. Ojú yẹn ṣì wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ lu ihò sukúrù rẹ̀ kó fẹ̀ ju sukúrù lọ ní 2 mm, kí ẹ sì má fún un jù, torí kúláǹtì máa ń jẹ́ kí polycarbonate tí nǹkan ń fún sán wẹ́wẹ́ létí ihò. Sílíkónì tí òórùn rẹ̀ ò kan bí ọtí kíkan ni kí ẹ rà. Èyí tó ń kan máa ń ba irin jẹ́.

Ilẹ̀kùn tèmi so rọ̀ láti òkè, ó ń yọ́ sọ́tùn-ún sósì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wọ inú etí tíréè. Tí ojú irin tó ń yọ́ lé bá wà nísàlẹ̀, èérún ni yóò kún un.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo kúláǹtì, ẹ̀rọ dúró láàárín iṣẹ́, ó ní tábìlì ti kan òpin ìrìn rẹ̀. Mo wo tábìlì, ó wà láàárín gbùngbùn. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Mo fa ẹnu wáyà súwíìṣì òpin yọ, omi funfun kan bíi wàrà kán sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kúláǹtì ti tọ wáyà náà wálẹ̀ láti orí, ó wọ ẹnu rẹ̀ tààrà. Ká ní wáyà tó ń lọ sínú àpótí iná ló tọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo wáyà ni mo jẹ́ kó kọ́kọ́ ya ikùn wálẹ̀ kó tó gòkè wọ ibi tó ń lọ, kí omi lè kán sílẹ̀ níbi ikùn náà. Ihò tí wáyà ń gbà wọ àpótí iná, ìsàlẹ̀ ni kó wà, kó má ṣe wà lórí. Súwíìṣì tó ní àmì IP67 (pé eruku àti omi ò lè wọ̀ ọ́) ni kí ẹ rà, iná fóòtì 24 ni kí ẹ fi sínú àpótí fún ìmọ́lẹ̀, kí wáyà ilẹ̀ kan gbogbo irin tó wà níbẹ̀, kí iná pọ́ǹpù sì gba bírékà tó ń já tí iná bá ti jò ní 30 mA. Bọ́tìnì ìdádúró pàjáwìrì, ìta ló ń gbé.

Táǹkì mi gba lítà 30. Mo fi irin méjì pín in sí yàrá mẹ́ta: omi wọ yàrá àkọ́kọ́, ìdọ̀tí wúwo jókòó síbẹ̀, omi borí irin lọ sí èkejì, ó gba abẹ́ irin kejì wọ ẹ̀kẹta níbi tí pọ́ǹpù wà. Ọ́ìlì tó bá léfòó á kù sẹ́yìn. Ẹ gbé pọ́ǹpù sókè ní 30 mm kúrò nísàlẹ̀. Ẹ wo róbà inú rẹ̀ náà: èyí tí wọ́n fi EPDM ṣe máa ń wú tí ọ́ìlì bá kàn án, NBR ló yẹ.

Ẹnu họ́ọ̀sì méjì ni mo lò, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, torí kọ́tà fúnra rẹ̀ máa ń ṣíji bo ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ojú ibi tí kọ́tà ti ń kan irin ni kí wọ́n kọjú sí. Rìléè (súwíìṣì tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń tẹ̀) ló ń tan pọ́ǹpù: àṣẹ M8 tàn án, M9 pa á, GRBL àti LinuxCNC, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ CNC, mọ àwọn àṣẹ méjèèjì. Tí ẹ bá ń fi kọ́tà carbide (irú kan tó le gan-an) gbẹ́ irin líle, ẹ jẹ́ kí kúláǹtì máa ṣàn láì dáwọ́ dúró, tàbí kí ẹ má lò ó rárá. Bó bá ń gbóná tó tún ń tutù lójijì, ẹnu rẹ̀ á sán.

Pípo kúláǹtì rọrùn, tí ẹ bá ti mọ ohun kan: omi ni kó kọ́kọ́ wà nínú korobá, ọ́ìlì ni kí ẹ máa dà sínú omi, kí ẹ sì máa rò ó. Tí ẹ bá yí i padà, yóò dì gúlúsọ́, kò sì ní pò mọ́. Lítà omi 28 àti lítà ọ́ìlì 2 fún mi ní nǹkan bíi 7%, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ike tiyín. Refractometer kékeré, ohun tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó nínú omi, dára púpọ̀. Ẹ fi ohun tó bá kà ṣe ìlọ́po pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára ike: 4.5 lọ́nà 1.5 jẹ́ 6.75%. Omi ló ń gbẹ, ọ́ìlì kì í gbẹ, nítorí náà ọ́ìlì inú èyí tí ẹ bá fi ń kún un gbọdọ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́.

Mo rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì, mo dé, mo ṣílẹ̀kùn, yàrá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ọ́ìlì ojú irin ẹ̀rọ ló léfòó bo táǹkì, atẹ́gùn ò wọlé mọ́, kòkòrò tí ò fẹ́ atẹ́gùn sì pọ̀ sí i. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì fún àwọn tó ń gba ọ́ìlì àlòkù (ẹ má dà á sí kòtò omi), mo fọ táǹkì, mo sì fi pọ́ǹpù atẹ́gùn tí wọ́n ń lò fún ẹja inú gíláàsì sínú tuntun. Ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Ẹ má da kúláǹtì olómi sórí magnesium (irin fífúyẹ́ kan tó lè gbiná) láéláé. Tí èérún rẹ̀ bá gbiná, omi á tún jẹ́ kó le sí i. Irin dídà dúdú (cast iron), láì lo kúláǹtì ni mo máa ń gbẹ́ ẹ, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀ nínú táǹkì.

Bí mo bá parí iṣẹ́, mo máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí èéfín omi tó wà nínú àpótí tó rọlẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo gbọn asẹ́, mo fi aṣọ fa ọ́ìlì tó léfòó kúrò lójú táǹkì. Mo nu tábìlì, mo yọ fáìsì kúrò, torí abẹ́ rẹ̀ ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, mo fi ọ́ìlì pa á lára, mo sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí di àárọ̀.