Bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà dán ẹsẹ̀ bàálù wò kó tó balẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ bàálù ní Zaria àti Kàdúná, ẹ má tíì ya odidi bàálù. Ẹ mú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ jẹ́ kó já lulẹ̀ nínú Octave tàbí Python, ìyẹn àwọn èdè tí a fi ń kọ ìṣirò fún kọ̀ǹpútà.

Ìwúwo méjì ni yóò ní: 1,000 kg lókè ṣọ́kù, ìyẹn ara bàálù tí ẹsẹ̀ náà rù, 40 kg nísàlẹ̀, ìyẹn táyà, bíréèkì àti písítìn. Kí wọ́n máa bọ̀ ní mítà 3.05 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí òfin Amẹ́ríkà ṣe là á sílẹ̀ fún bàálù akérò ńlá. Ẹ jẹ́ kí apá bàálù ṣì gbé gbogbo ìwúwo náà dúró.

Ti táyà ò ṣòro: síprìngì 300,000 N/m ni. Ṣùgbọ́n táyà kì í fa ilẹ̀ mọ́ra. Tó bá ti kúrò nílẹ̀, ipá rẹ̀ di 0.

Nínú ṣọ́kù, náítírójìn ló ń ti písítìn padà. Ẹ lo písítìn 60 mm, àyè ìwọlé 250 mm, gáàsì 792 cm³ ní 1 MPa:

p = p₀ (V₀/V)^1.1

p ni ìfúnpá gáàsì, V ni àyè tí gáàsì gbà; p₀ àti V₀ ni ti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Géèjì kì í ka ti afẹ́fẹ́ ayé mọ́ ọn. 0.9 tí géèjì bá kà, 1 MPa ni ẹ ó fi sínú ìṣirò yìí, ẹ ó sì yọ 0.1 kúrò kí ẹ tó ṣírò ipá. Títí ipá yóò fi kọjá nǹkan bí 2,500 N, písítìn ò ní mira, nítorí náà ẹ fi ìdènà líle sí òpin rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò yọ jáde.

Ihò tí ọ́ìlì ń gbà kọjá ló gba ìrònú jù. Ihò 10 mm ń fún wa ní ipá nǹkan bí 3,740 v|v|, tí v jẹ́ ìyára písítìn. Ẹ má kọ v², torí pé nígbà tí písítìn bá ń padà, ipá náà gbọ́dọ̀ yí ojú padà. Ẹ dín fífẹ̀ ihò kù sí ìdajì, ipá á di ìlọ́po 16. Àṣìṣe kékeré níbí á ba gbogbo èsì jẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ àkókò 0.0001 ìṣẹ́jú-àáyá. Agbára ìrìn tó kù, pẹ̀lú èyí tí táyà, gáàsì àti ọ́ìlì ti gbà, gbọ́dọ̀ máa jẹ́ nǹkan bí 4,840 J. Tó bá fi ju 1% yàtọ̀, ẹ dín ìgbésẹ̀ náà kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ooru padà. Ṣọ́kù tí wọ́n rọ gáàsì sí l'Ábùjá lọ́sàn-án, ní 38 °C, tó wá balẹ̀ ní Jos láàárọ̀ ọyẹ́, ní 12 °C, gáàsì rẹ̀ ti di 0.92 MPa. Písítìn á wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wò ó bóyá kò kan ìdí.