Bẹ́ ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ géèmù kékeré l'Ákúrẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ FUTA, ẹ má dúró de owó ńlá o. Ẹnì kan ṣoṣo, Eric Barone, ló ṣe géèmù Stardew Valley fún bí ọdún 4 kó tó jáde ní 2016, òun ló ya àwòrán ẹ̀, òun náà ló ṣe orin ẹ̀.

Ẹ lo Godot, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo, tẹ́ ẹ bá ti dáńlóòdù ẹ̀ ẹ ò nílò dátà mọ́ láti ṣiṣẹ́. Géèmù àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó kéré, ayò ló dáa jù lójú tèmi: ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ síbi tọ́wọ́ ti ń pín ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ró kó, kó, kó bó ṣe ń bọ́ sínú ọpọ́n, tí gbogbo ẹ̀ bá já lẹ́ẹ̀kan náà kò ní jọ ayò rárá.

Ẹ wá gbé fóònù lọ s'Ọ́jà Ọba, ẹ fún bàbá kan tó mọ ayò ta, ẹ dákẹ́, ẹ kàn máa wo ibi tí ìka wọn ti ń ṣìnà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ máa fi ẹ̀dà iṣẹ́ yín sínú fláàṣì lójoojúmọ́, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mi ti bá iná lọ rí, ó dùn mí gan-an.