Ìdí tí wàrà ewúrẹ́ tí ẹ rà fi ń rùn bí òbúkọ kí ẹ tó délé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nínú mi. Kò sí àfihàn ewúrẹ́, ìyẹn ibi tí ewúrẹ́ ti ń díje níwájú adájọ́, tí mo lọ tí mi ò rí àwọn tó máa fi owó gidi ra wàrà láàárọ̀, tó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á ní ó ń rùn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

1. Ríra wàrà kí ẹ tó wo ewúrẹ́. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹ ò tíì wọlé tán, ẹ ti ra ìgò méjì sínú bàgì. Ẹ wá ń kiri: ẹ wo ẹ̀yà ewúrẹ́ Nubian elétí gbọọrọ, ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀yà Saanen funfun báláú, ẹ dúró ti adájọ́ títí ó fi yẹ ọmú ewúrẹ́ tó kẹ́yìn wò. Wàrà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú bàgì, ó sì ń mì. Bó bá ti ń mì nínú ooru báyẹn, ọ̀rá inú rẹ̀ á fọ́, àwọn ásíìdì inú ọ̀rá náà á tú jáde, àwọn ló sì ń mú òórùn òbúkọ wá. Caproic, caprylic àti capric ni wọ́n ń jẹ́. Inú capra, ìyẹn ewúrẹ́ ní èdè Látìn, ni wọ́n ti fa orúkọ wọn yọ. Kòkòrò àìfojúrí náà ò sùn o, ó ń bí sí i. Ẹ wòran tán ná kí ẹ tó ra wàrà! Ẹ gbé kúlà tí yìnyín kún inú rẹ̀ dání, kí wàrà sì tutù dé ìwọ̀n 4 ti Celsius kíákíá.

Èmi tí mò ń pariwo yìí náà nìyẹn: ní àfihàn mi àkọ́kọ́, inú ike tí omi ọsàn ti wà rí ni mo gba wàrà sí. Mo jù ú sí bùùtù ọkọ̀, mo sì jókòó ti ìtàkurọ̀sọ títí oòrùn fi wọ̀. Bí mo ṣe ṣí ìdérí nílé, ńṣe ni ìyàwó mi ń wo ẹ̀yìn mi bóyá òbúkọ kan ló tẹ̀lé mi wọlé.

2. Ìgò tí ẹ ò fi omi gbígbóná ṣàn. Ẹ má ṣe é.

3. Mímu ún láìgbé e kaná, pé àdánidá ni. Brucella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ibà, náà àdánidá ni, ibà rẹ̀ á sì máa lọ, á máa bọ̀. Ẹ gbé e kaná ní ìwọ̀n 63 ti Celsius fún ìṣẹ́jú 30, tàbí 72 fún ìṣẹ́jú àáyá 15, lẹ́yìn náà kí ìkòkò wọ inú omi oníyìnyín. Ẹ ra temómítà. Ojú kì í wọn ooru.

Fífún ọmọ ìkókó dípò ọmú ìyá rẹ̀ ńkọ́? Rárá o, folate, ìyẹn fítámì kan tí ara nílò, inú rẹ̀ ò tó.

Fífọwọ́ pa òbúkọ lórí. Ní àsìkò tó ń gun abo, irùngbọ̀n ara rẹ̀ ló ń tọ̀ sí. Ẹ fọwọ́ yín.

Ẹ má sì ní kí n fún wàrà fún yín kí adájọ́ tó dé. A mọ̀ọ́mọ̀ fi ọmú yẹn sílẹ̀ kó kún ni, kí adájọ́ lè rí bó ṣe rí gan-an. Ẹnìkan na ìgò sí mi nígbà tí mò ń fa ewúrẹ́ wọ agbo ìdíje. Èmi rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ ni ò rẹ́rìn-ín, ó forí kan ìgò náà, ó fọ́.