Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Lo Ọ̀nà Ìbéèrè Socrates Nínú Kíláàsì

Socrates, amòye ará Áténì tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Inú ìwé Plato, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ni a ti mọ ọ̀nà ìbéèrè rẹ̀ jù lọ. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo kíláàsì rò pé àwọn mọ̀, bí ìgboyà tàbí òdodo, kí ẹ sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ohun tí ó jẹ́.

Àpẹẹrẹ ni yóò kọ́kọ́ mú wá, gẹ́gẹ́ bí Euthyphro, ọkùnrin kan nínú ìwé Plato, ti ṣe nígbà tí Socrates bi í pé kí ni ìwà mímọ́, tí ó sì dáhùn pé ohun tí òun ń ṣe lọ́wọ́ ni, ìyẹn pípe bàbá òun lẹ́jọ́ lórí ikú òṣìṣẹ́ kan. Ẹ má bá akẹ́kọ̀ọ́ náà wí. Ẹ béèrè ohun tí ó pa gbogbo irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Bí ó bá dáhùn, ẹ wá ọ̀ràn kan tí ìdáhùn náà kò bá mu, kí òun fúnra rẹ̀ sì tún un ṣe. Ibí yìí ni sùúrù ti ṣe pàtàkì jù lọ, nítorí olùkọ́ tí ó bá yára dáhùn ti gba ìrònú lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Bí àkókò bá tán láìrí ìtumọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìbéèrè tí ó kù sílẹ̀, kí ẹ sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ó kàn.