Servo ni mo dá lẹ́bi: bí sítíárìn tírọ́ọ̀kù onírímóòtù mi ṣe padà bọ̀ sípò

Servo tuntun, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí táyà iwájú, ni mo kọ́kọ́ lọ rà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà, torí servo àtijọ́ kò ṣẹ̀ mí rárá.

Tírọ́ọ̀kù mi kì í ṣe irú ohun ìṣeré tí wọ́n ń dì sínú páálí fún ọmọdé. Ìwọ̀n 1/10 ni (ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi), táyà rẹ̀ gbórín, bátìrì LiPo 2S (oní-sẹ́ẹ̀lì méjì) ló ń lò, ó sì máa ń fò kọjá òkìtì. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fò sókè, táyà iwájú ọ̀tún nìkan ló fi balẹ̀, ló bá ń yí gbirigbiri. Mo gbé e dìde, ó ṣì ń sáré. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó yà sí ọ̀tún, wàrà ló ń yà. Bí mo bá ní kó yà sí òsì, á lọ́ra, á yà díẹ̀, á dúró. Ohun tó tún burú jù ni pé kì í padà sí àárín mọ́. Tó bá ti yà sí ọ̀tún, á máa tẹ̀ sí ọ̀tún lọ. Tó bá ti yà sí òsì, á máa tẹ̀ sí òsì.

Mo ń fi trim, bọ́tìnì kékeré lára rímóòtù tó ń tún àárín sítíárìn tò, tún un ṣe. Bó bá tọ́ báyìí, tí mo bá yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti tún wọ́. Ká ní mo fara balẹ̀ ni, ìyẹn nìkan ì bá ti sọ fún mi ibi tí àrùn wà. Ọkọ̀ tó ń fà sí apá kan ṣoṣo nígbà gbogbo, trim tàbí ọ̀pá tó wọ́ ló ń dà á láàmú. Èyí tó ń fà síbi tí wọ́n yà á sí gbẹ̀yìn, nǹkan kan ń há níbì kan ni, tàbí nǹkan kan ti tú. Èmi ò ronú débẹ̀. Mo ra servo tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo dè é mọ́ ọkọ̀, mo gbé e jáde. Kò yàtọ̀ rárá.

Ìgbà yẹn ni mo wá jókòó tì í.

Mo gbé ọkọ̀ lé orí páálí kékeré kan kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má baà kan ilẹ̀, mo sì yọ wáyà mọ́tò kúrò lára ESC, ẹ̀rọ tó ń darí iná tó ń lọ sí mọ́tò. Ẹ má fo èyí o. Mo ti rí i tí irú ọkọ̀ yìí fò kúrò lórí tábìlì nítorí pé ìka ẹnì kan ṣèèṣì kan ìfà, ohun tí a ń fà lára rímóòtù kí ọkọ̀ lè sáré. Mo tan rímóòtù kí n tó tan ọkọ̀. Tó bá di pípa, ọkọ̀ la kọ́kọ́ ń pa.

Mo dá trim padà sí òdo. Mo wo D/R, èyí tó ń sọ bí táyà ṣe máa yà tó, mo sì wo EPA tó ń sọ ibi tó máa dúró lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, mo ti fi odindi ọ̀sán kan tú ọkọ̀ rí, kí n tó rí i pé D/R ni ọwọ́ mi ṣèèṣì yí wálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n wà bó ṣe yẹ.

Lẹ́yìn náà ni mo tú sukúrù kan ṣoṣo, èyí tó so apá servo mọ́ ọ̀pá sítíárìn. Sukúrù yìí ló pín gbogbo ọ̀ràn sí méjì: nǹkan iná lápá kan, nǹkan irin àti ike lápá kejì. Mo yí rímóòtù sí òsì, servo lọ sí òsì dé ìpẹ̀kun. Mo yí i sí ọ̀tún, ó lọ. Mo fi sílẹ̀, ó padà sí àárín gẹ́lẹ́. Mo yọ tuntun náà, mo fi àtijọ́ sí i, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀.

Ká ní kò lọ dáadáa ni, ohun tí ǹ bá ṣe ni kí n pààrọ̀ ihò lára receiver, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń gba àṣẹ rímóòtù: kí n ki wáyà servo bọ ihò kejì, kí wáyà ESC bọ ihò kìíní, torí láti ara ESC ni iná ti ń wọlé. Ìfà á wá máa darí servo. Tí servo bá wá ń lọ geere, rímóòtù tàbí ihò kìíní ló ní àrùn. Tó bá ṣì ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, inú servo fúnra rẹ̀ ni: ó lè jẹ́ gíà tó ti jẹ, ó lè jẹ́ potentiometer inú rẹ̀ tó ti gbó, èyí tó ń jẹ́ kó mọ ibi tí apá rẹ̀ wà.

Ó wá ku apá irin. Mo fi ọwọ́ ti táyà iwájú lọ, mo fà á bọ̀. Láìsí servo níbẹ̀, ó yẹ kó máa lọ wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi òróró sí. Dé ìdajì ọ̀nà sí òsì, ó há. Mo tì í díẹ̀ sí i, ó dún “kẹ̀rẹ̀”, ó kọjá. Ọwọ́ mi ti bà á.

Mo já ọ̀pá méjèèjì kúrò lẹ́yìn táyà. Táyà ọ̀tún ń lọ fúnra rẹ̀, ti òsì náà ń lọ. Kò sí bẹ́rìn tó fọ́, kò sí ohun tó wọ́ níbẹ̀. Bellcrank ló kù, ìyẹn apá méjì tó dúró láàárín tó ń gba agbára lọ́wọ́ servo fún táyà. Mo yọ ike tó bò ó, mo tú u jáde. Irin tó gbé ti ọ̀tún dúró ti wọ́. Ojú lásán kò tètè rí i. Ìgbà tí mo yí i lórí gíláàsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni mo rí i tó ń fò tó ń balẹ̀. Inú ihò tí irin náà ń wọ̀ sì kún fún ẹrẹ̀ dúdú kan tó le bí àmọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn: gíríìsì tí mo ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kó gbogbo yanrìn jọ.

Bí àrùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ wá yé mi. Lórí bellcrank ni servo saver wà, sípíríǹgì tó ń gba ipá fún servo nígbà tí táyà bá kọlu nǹkan. Bí servo bá ń tì í sí òsì, irin tó wọ́ á há, sípíríǹgì á sì máa fún ara rẹ̀ pọ̀ dípò kó ti táyà. Servo ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ pérépéré, táyà ni kò gbọ́. Kò sí servo tó lè wo irú èyí sàn, bó ti wù kó lágbára tó.

Mo pààrọ̀ irin méjèèjì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ihò, mo sì dá a padà ní gbígbẹ. Sukúrù tó wà lórí irin náà, mo dè é dé ibi tó mú, mo wá yí i padà díẹ̀, torí bí ó bá le jù, á tún há. Nọ́ọ̀tì sípíríǹgì ti tú díẹ̀, mo dè é títí táyà fi ń yà lórí kápẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé saver ń yẹ̀, síbẹ̀ tí mo bá fi ọwọ́ ti táyà gan-an, ó ń gbà.

Kí n tó fi apá servo sí ọ̀rùn rẹ̀, mo tan ọkọ̀ kí servo lọ sí àárín, trim wà ní òdo, lẹ́yìn náà ni mo wá fi apá náà sí i kó dúró ṣánṣán. Bí eyín ọ̀rùn servo kò bá jẹ́ kó dúró déédéé, trim díẹ̀ á parí rẹ̀. Ẹ wo iye eyín náà kí ẹ tó fi agbára tẹ apá kankan wọlé: 23, 24 àti 25 wà, wọn kò sì bá ara wọn mu. EPA ni mo fi parí rẹ̀, mo dín in kù títí servo fi dẹ́kun kíkùn nígbà tí táyà bá dé ìpẹ̀kun.

Servo tuntun ni mo tún fi sí i, mo sì gbé e jáde. Ó ń yà bí ẹni ń fi ọwọ́ mú un. Ṣùgbọ́n bí mo bá fa ìfà tán lẹ́ẹ̀kan náà tí mo sì yà, sítíárìn á kú fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ọkọ̀ á dúró, iná receiver á ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Àrùn tuntun pátápátá! Servo alágbára yẹn ń mu iná ju èyí tí BEC, ẹ̀yà inú ESC tó ń pín iná fún receiver àti servo, lè fún un lọ, iná á wá wálẹ̀, receiver á sì pa ara rẹ̀. Mo fi servo àtijọ́ padà, kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ títí bátìrì fi parí.

Àtijọ́ náà ló wà lára ọkọ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Tuntun ti padà sínú páálí rẹ̀, ó ń dúró de ọjọ́ tí màá ra BEC tó dá dúró fún un.